Àkèré Onígbá àti Odò tó Ń Gbẹ

Dúró ná. Ìwọ tó ń kọjá lọ, tí iṣẹ́ òòjọ́ gbà lọ́kàn, tí o ń bi ara rẹ léèrè bóyá iṣẹ́ náà yóò ṣì wà níwòyí àmọ́dún, gbé ẹrù orí rẹ kalẹ̀, kí o jókòó ti àwọn ọmọdé wọ̀nyí. Ìyá Dúródọlá, àgbà obìnrin tó ń darí àdúrà òwúrọ̀ ní ìjọ wa, ló máa ń pa àlọ́ yìí fún àwọn ọmọ agboolé bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán. Bó ṣe pa á ni mo ṣe kọ ọ́.

"Ààlọ́ o."

"Ààlọ̀."

"Àlọ́ mi já bọ́ pọ̀ọ̀, ó yí gbiiri, ó dúró sétí odò ńlá kan, ó bá Àkèré níbẹ̀.

"Láyé ọjọ́un, nígbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kò sí afárá lórí odò náà, kò sì sí ọkọ̀. Igbá ràgàjì kan ni Àkèré fi ń gbé èrò sọdá. Èrò á gbá igbá mọ́ àyà lápá kan, Àkèré á dì í mú lápá kejì, wọn á kọjú síra wọn. Àkèré á wá máa fi ẹsẹ̀ ta omi, jàbú, jàbú, jàbú, títí wọn á fi gúnlẹ̀. Ojú ń wo ojú láti èbúté dé èbúté, kí ni èrò ìbá ṣe bí kò bá sọ̀rọ̀? Ehoro á sọ ti ìyàwó tó fẹ́ gbé. Ọ̀yà á ṣàròyé oko. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, Àkèré ti mọ ohun tó ń bẹ nínú wọn. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Bó bá sì ń kọjá láàárín ìlú, wọn á ní, 'Onígbá, ẹ kú iṣẹ́ omi.' Ọ̀fun rẹ̀ á wú kẹ̀ǹdẹ̀.

"Alákàn ni ẹnìkejì rẹ̀. Òun ló ń ru ẹrù èrò gba ìsàlẹ̀ omi."

Ìyíọlá, ọmọ tó máa ń bèèrè ọ̀rọ̀, ní, "Ìyá, ẹrù náà ò ní tutù ni?"

"Iṣu àti ìkòkò ló ń rù. Jẹ́ kí n ráyè pàlọ́.

"Ó di ọdún kan, òjò kò dé. Òkúta kan wà láàárín odò tí ẹnikẹ́ni kò rí orí rẹ̀ rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, orí òkúta yọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn rí i, ó ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, omi ń fà.'

"Àkèré ní, 'Omi ń fà, omi ń kún, bó ti máa ń ṣe nìyẹn.'

"'Òkúta yìí kò yọrí rí. Mo fẹ́ lọ bá Òkété kí ó kọ́ mi ní kànga gbígbẹ́. Bí omi kò bá sí lókè, ó lè wà nísàlẹ̀. Màá ṣì máa bá ọ ru ẹrù lọ́sàn-án, àárọ̀ kùtù ni màá fi kọ́ṣẹ́. Jẹ́ ká jọ lọ.'

"Àkèré rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. 'Òkété? Ọmọ àná tí imú rẹ̀ kún fún erùpẹ̀? Kí àgbà bíi tìẹ máa pe Òkété ní ọ̀gá?'

"'Ó mọ ohun tí n kò mọ̀. Màá pè é ní ọ̀gá, màá sì kúnlẹ̀.'

"'Pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ yẹn? Èwo lo máa kọ́kọ́ ká?'

"Alákàn kò bínú. Ó lọ. Ó gbẹ́ ilẹ̀, iyanrìn ya lù ú. Òkété bú u, ó tún gbẹ́. Ó gbẹ́, ó wó. Ó gbẹ́, ó wó. Nígbà tó yá, ó gbẹ́, kò wó mọ́.

"Omi sì ń fà. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ dé orúnkún, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́ odò kọjá, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí Àkèré bí wọ́n bá ń kí i: 'Onígbá, ó dàárọ̀ o.' Kò sí ẹni tó kọjú sí i mọ́, èyí ló sì dùn ún jù. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ń wọ̀, á jókòó ti igbá rẹ̀, á máa kọrin. Ẹ gbè é fún mi.

"Odò mi, odò mi, padà wá,"

*Wẹ́rẹ́ ni kí o wá.*

"Igbá ti gbẹ létí omi,"

*Wẹ́rẹ́ ni kí o wá.*

"Àárò èrò ń sọ mí o,"

*Wẹ́rẹ́ ni kí o wá.*

"Ta ni n ó tún kọjú sí?"

*Wẹ́rẹ́ ni kí o wá.*

"Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ní, 'Bàálé mi, orin yín dùn, àmọ́ àwọn ọmọ kò lè jẹ ẹ́. Alákàn ń wá ẹni tí wọ́n á jọ ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá a.'

"'Ìyá àwọn ọmọ, fún mi láyè díẹ̀. Mo ní ọgbọ́n kan.'

"Ọgbọ́n wo? Ó kó ẹrẹ̀, ó kó ewé, ó kó igi, ó mọ ògiri dí odò nísàlẹ̀ èbúté rẹ̀. Omi tó kù gbára jọ, ó jìn, kò sì sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ wọ́ ọ mọ́. Èrò tún padà sídìí igbá. Jàbú, jàbú, jàbú. Ehoro tún kọjú sí i, ó ní, 'Onígbá, ìyàwó tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí ti bí ìbejì.' Omijé bọ́ lójú Àkèré. Ó rò pé ayé òun ti padà.

"Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò dá odò fún onígbá nìkan. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, àkùrọ̀ gbẹ, ẹ̀fọ́ rọ, ọyàn ìyàwó Ehoro gbẹ, àwọn ìbejì sì ń ké. Ehoro tọ ipa odò gòkè, ó ń wá ibi tí omi há sí. Ó dé ìdí ògiri ẹrẹ̀, ó rí ipa ẹsẹ̀ Àkèré lára rẹ̀, pẹrẹsẹ, pẹrẹsẹ. Àkèré fúnra rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ó ń fi ẹrẹ̀ kún un.

"Ehoro ní, 'Onígbá, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí mo sọ fún pé mo bímọ?'

"Àkèré kò lè wò ó lójú.

"Ìlú jáde, wọ́n fọ́ ògiri náà. Omi ya, gbuurú, ó gbé igbá lọ, ó fọ́ ọ mọ́ òkúta, ó sì ṣàn tán. Iyanrìn funfun báláú ló kù. Wọ́n ní kí Àkèré kúrò nílùú. Alákàn ló bẹ̀ wọ́n: 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í fún mi.' Ó mú un lọ sídìí kànga tó gbẹ́. Omi wà níbẹ̀, ó tutù nini. Gbogbo èrò àtijọ́ ló pé yí i ká pẹ̀lú ìkòkò wọn.

"Alákàn ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, ẹrẹ̀ ń dí ojú omi yìí nísàlẹ̀. Mo lè rìn lábẹ́ omi, n kò lè lúwẹ̀ẹ́ gòkè. Ẹsẹ̀ tí o fi ń ta omi lódò, òun gan-an ni kànga ń fẹ́. Máa bá mi kó ẹrẹ̀ jáde. Ehoro ní bí o bá ṣe é, òun á dárí jì ọ́.'

"Àkèré wo ojú Ehoro. Ó wo ojú Ọ̀yà. Gbogbo ojú tí àárò wọn ń sọ ọ́ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ló bá bèèrè pé, 'Kí ni wọn á máa pè mí níbí?'

"Alákàn kò parọ́ fún un. 'Ọmọṣẹ́ Alákàn, títí iṣẹ́ á fi yé ọ.'

"Àkèré fa ẹsẹ̀ náà padà. 'Jẹ́ kí n dúró di ìrọ̀lẹ́. Bóyá odò á padà.'

"Abọ́sẹ̀dé dì í lápá mú. 'Bàálé mi, ẹ jẹ́ ká dúró síbí.'

"Ó rọra yọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò. 'Mò ń bọ̀.'

"Abọ́sẹ̀dé àti àwọn ọmọ dúró sídìí omi. Àkèré nìkan ló padà sórí iyanrìn, ó jókòó síbi tí igbá máa ń wà.

"Odò mi, odò mi, padà wá,"

*Wẹ́rẹ́ ni kí o wá.*

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò tíì tán títí dòní. Igbe tí ẹ ń gbọ́ létí odò bí ilẹ̀ bá ń ṣú, Àkèré ló ṣì ń pe odò rẹ̀. Alákàn ní tirẹ̀, ibi tó bá gbẹ́ ihò sí, omi lẹ ó bá níbẹ̀."

Ìyíọlá ní, "Ìyàwó rẹ̀ ò lọ pè é wálé ni?"

"Ó ń lọ pè é. Àkèré á ní kó ní sùúrù, odò ò ní pẹ́ dé.

"Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu mi. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó rí i pé iṣẹ́ òun ń fà bí omi tètè kọ́ òmíràn nígbà tí ti àná ṣì ń bọ́ ọ, kí ó má tijú àtipe ọmọdé ní ọ̀gá, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀fun ẹlòmíràn gbẹ nítorí ipò tirẹ̀."

Èmi tí mo kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un. Wòlíì kan wà láyé àtijọ́ tí Olúwa fi ẹyẹ bọ́ létí odò. Nígbà tí odò náà gbẹ, Olúwa kò ní kó jókòó sunkún rẹ̀. Ó ní kó dìde, kó kọjá sí ìlú tí kò mọ̀, opó kan ń bẹ níbẹ̀ tí yóò bọ́ ọ. Ọlọ́run tó wà létí odò ló ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀hún.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà dùn. Mo mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀ dùn létí. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Olúwa, má ṣe dúró di ìrọ̀lẹ́. Dìde lónìí yìí, lọ bá ẹni tó mọ ohun tí o kò mọ̀, kí o sì ní kó kọ́ ọ.