Ìyàwó Tí Kò Bọ́ Bàtà

Ọkùnrin kan wà tí ó gbé ìyàwó. A kì í pìtàn kí a má ka àwọn tí ó ṣojú wọn, nítorí náà, àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó náà dé nìyí. Bàbá ọkọ wà níbẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Ọkọ wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ sẹ́yìn bí ojú ṣe ń ti ọkọ ìyàwó. Àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé wà níbẹ̀, láti orí ìyálé tí ó gbé igbá omi dání títí dé orí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn tí ó sin ìyàwó wá náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àṣà agbo ilé náà ni pé wọn yóò wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kí ó tó wọlé. Yóò dúró láìwọ bàtà, ìyálé yóò bu omi sí i lẹ́sẹ̀, omi yóò ṣàn lọ sí ìta, ìyàwó yóò sì gbé ẹsẹ̀ tútù kọjá ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà lọ, ó ti di ti ilé. Bí ó bá ṣẹ̀, wọn yóò bá a wí. Bí ó bá ṣàìsàn, wọn yóò tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ omi yẹn náà ni wọ́n fi ń mọ ipò: ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bu omi sí lẹ́sẹ̀ ni àgbà, ìbáà kéré lọ́jọ́ orí.

Ìyàwó yìí wọ bàtà, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ìyálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, bọ́ bàtà."

Ìyàwó kò mira. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Nílé bàbá mi, a kì í bọ́ bàtà níta."

Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn nílé bàbá rẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn. Egbò kan ni ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, egbò àdáàjinná tí ó ti ń bá a fà á láti kékeré. Ó ti fi aṣọ dì í, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, ó wá fi bàtà lé e. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá rí i lónìí, wọn yóò dá mi padà. Kí ó jinná ná. Bí ó bá ti jinná, èmi fúnra mi ni n ó gbé omi wá."

Bàbá ọkọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ má dá ọmọ ọlọ́mọ dúró síta." Ìyálé gbé igbá omi rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó sì wọlé tòun ti bàtà.

Kò sí ẹni tí ó fìyà jẹ ẹ́. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Inú àwo tí ó ní ọmọrí ni wọ́n ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí. Wọn kì í rán an níṣẹ́. Bí ó bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á: "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀yin. Eruku á ba bàtà yín jẹ́." Ìyálé tí ó ń pe gbogbo obìnrin ilé ní "ìwọ", "ẹ̀yin" ni ó ń pe ti èyí. Ọ̀wọ̀ àlejò ni, ó sì ń dùn ún ju èébú lọ. Bí ó bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé, àwọn tí ó ń fọ abọ́ á dá orin sílẹ̀:

"Ìyàwó oníbàtà, rọra máa rìn,
Ilẹ̀ ilé wa kò ní ẹ̀gún."

Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Òun náà jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pe òun ní agbéraga ju kí wọ́n pe òun ní elégbò. Nínú ilé náà, ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ọkọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó lọ bá ìyálé sọ ọ́. Gbogbo ìgbà ni ó ń dáhùn pé ó kù díẹ̀ kí ó jinná. Ṣùgbọ́n egbò tí kò rí afẹ́fẹ́, ṣe ni ó ń fẹ̀ sí i.

Àbúrò ọkọ gbé ìyàwó tirẹ̀ wá, ọmọdébìnrin kan tí eruku ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Omi náà tutù, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àgbà fún oníbàtà.

Nígbà tí ó yá, bàbá ọkọ kú. Àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n máa ń pọn omi tí wọ́n fi ń wẹ òkú bàbá ọkọ wọn, wọ́n á sì tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí odò bí ipò wọn ṣe rí. Oníbàtà fẹ́ràn bàbá yìí. Òun ni ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó wọlé. Ó gbé ìkòkò, ó lọ dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, àní lẹ́yìn ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìyálé bojú wẹ̀yìn, ó rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó. Iṣẹ́ ilé nìyí. Abẹ́ àtíbàbà ni àwọn àlejò wà."

Ó lọ jókòó. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a nígbà tí àwọn àna bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Níbo ni àwọn ìyàwó ilé wà?"

"Wọ́n lọ pọn omi, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ wá ń ṣe láàárín àwa àlejò?"

Ìyá rẹ̀ wo bàtà náà, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo ojú kí àwọn tí ó bá a wá má baà rí i. Ó ní, "Háà! Nítorí egbò yẹn? Ọmọ tí mo fà fún wọn láti ọjọ́ yìí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn!"

Ìtìjú mú oníbàtà dé ibi tí kò ti sí ibòmíràn láti sá sí mọ́. Ó dìde níwájú gbogbo èrò, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó tú aṣọ. Òórùn egbò náà jáde, ẹnì kan sì fi ọwọ́ bo imú. Àwọn obìnrin ń ti odò bọ̀, wọ́n rí i, wọ́n dúró.

Kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Ìyálé mi, ohun tí mo fi pamọ́ nìyí. Mo rò pé kí ó jinná ná."

Ojú ti ìyálé pàápàá, nítorí ẹnu rẹ̀ ni orin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ìkòkò orí rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ta ni ó sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tí ó mọ́ ni a ń bu omi sí? Ìwọ obìnrin yìí! Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá."

Ó bu omi sí ẹsẹ̀ méjèèjì, omi náà ṣàn lọ sí ìta. Ó ta obìnrin náà bí iná; kò wo egbò náà sàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni àwọn obìnrin ilé ti ń fi omi gbígbóná àti ewé tọ́jú rẹ̀ láràárọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ìyàwó ilé ni. Wọ́n ń rán an níṣẹ́, wọ́n sì ń bá a wí. Egbò náà pẹ́ kí ó tó jinná. Ipò rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́yìn ọmọdé yẹn títí ó fi darúgbó.

Omi ẹnu ọ̀nà ni ìrìbọmi. A sin wá pẹ̀lú Kristi nínú omi, a jí wa dìde pẹ̀lú rẹ̀, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí, a sì di ti ilé Ọlọ́run. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Olúwa wa tí kò ní àbàwọ́n kankan wọ odò láàárín àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀, ojú wọn kò tì í. Bí a bá jáde nínú omi tí egbò sì wà lẹ́sẹ̀ wa síbẹ̀, kò ní sú Ẹ̀mí Mímọ́ láti máa wẹ̀ ẹ́, ìjọ náà kò sì gbọdọ̀ bo imú. Ẹni tí ó bá ń dúró kí ó jinná kí ó tó wá ni yóò jókòó pẹ̀lú àlejò.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi ni mò ń bá wí. Ò ń wá sí ilé ìsìn, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni ò ń jókòó sí. Bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ Olúwa kalẹ̀, wàá jáde síta bí ẹni pé ọmọ ń sunkún, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọmọ kò sunkún. Bí mo bá béèrè, wàá ní, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí n tún ayé mi ṣe ná." Nítorí pé o bímọ kí ẹnikẹ́ni tó wá tọrọ rẹ ni. Ìdílé wa kì í ṣe ìdílé tí ojú kì í tì. Ojú tì wá, n kò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ kò sí ẹnìkan nínú gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ nínú ìdílé yìí tí ó mọ́ kí ó tó wọ omi, mo sì mọ ìtàn gbogbo wọn.

Bọ́sẹ̀dé, ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, bí pásítọ̀ bá ti pe àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, pọn ọmọ rẹ, kí o sì jáde síwájú.