Bí Láti Ṣe Di Ará Ẹ̀yìn Ẹṣin

Nígbà láéláé, kí àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé ẹnìkan lè gun ẹlòmíràn lẹ́yìn, olúkúlùkù wọn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ní ilẹ̀ àwọn Kírígíìsì ní Éṣíà, níbi tí koríko pọ̀ ju ènìyàn lọ, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Láti. Òun ló máa ń sọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀.

Láti kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Iwájú ló máa ń wà ṣáá. Ó ní bí òun kò bá ṣáájú, gbogbo ayé yóò ṣìnà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ẹṣin, ọ̀rọ̀ ńlá tó sanra, àti Tèmi, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó máa ń fọwọ́ kan nǹkan tí yóò sì ní òun ló ni ín.

Lọ́dún kan, yìnyín bá àwọn darandaran tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń bá gbé lórí òkè kí wọ́n tó kó àgọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀. Ó mu Ẹṣin dé orúnkún. Ní ti Láti, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó parí fún un nìyẹn.

Àánú ṣe Ẹṣin. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì gun òun. Ńṣe ni Láti sáré lọ jókòó sí iwájú orí Ẹṣin, ó na ẹsẹ̀ bò ó lójú. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Ẹṣin fi forí sọ àpáta, gbogbo wọn sì ṣubú yakata.

Ẹṣin ní kò sí èrò iwájú mọ́, ẹ̀yìn ni kí gbogbo wọn wà. Ni ìjà bá tún dé. Láti àti Tèmi ń du ibi tó sún mọ́ ọrùn, yìnyín sì ń rọ̀. Màmá Bátímà, àgbàlagbà darandaran tó ń di ẹrù àgọ́ rẹ̀ nítòsí, ló wá dá ẹjọ́ náà.

"Nílẹ̀ wa níbí," ni màmá wí, "ẹni tó ni ẹṣin ló ń di ìjánu mú. Àlejò a sì dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Láti, ṣé ìwọ lo ni Ẹṣin?"

Láti wo ilẹ̀. "Èmi kọ́, mà."

"Tèmi ni," ni Tèmi wí. Kí ni yóò tún sọ?

Báyìí ni Láti ṣe bọ́ sí ìdí pátápátá. Ìrù ń gbá a lẹ́nu. Gbogbo ohun tí Ẹṣin jẹ lánàá ń fẹ́ sí i nímú. Ó ń kùn títí, Ẹṣin sì ń dá a lóhùn pé ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ó dé àfonífojì láàyè, ara rẹ̀ sì móoru. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹṣin ti ń ṣáájú lẹ́nu àwọn Kírígíìsì: *at*. Tèmi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó di *atım*, ẹṣin mi. Láti wá gbẹ̀yìn gbogbo wọn, ó di *atımdan*, láti ara ẹṣin mi.

Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nínú èdè Yorùbá kò rí yìnyín rí. Òun ṣì ń ṣáájú, ó ń yan bí olóyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí fún un.