Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Ka Ọ̀nà Ìdí-Ìyeyè

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba gbé ọ̀nà kan lé lọ́wọ́. Ọ̀nà kékeré kọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ tó la ìpínlẹ̀ mẹ́ta já ni, tí tánkà epo, tírélà, bọ́ọ̀sì àti ọ̀kadà ń fún ara wọn mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní kí ó ṣètò rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò ní kí ó dí kòtò rẹ̀, wọn ò sì ní kí ó da ọ̀dà tuntun sí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò ṣe máa gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹnjiníà ni ọkùnrin náà. Ó mọ iṣẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ku ọdún kan kí ó fẹ̀yìn tì, ètò yìí ló sì fẹ́ fi dágbére fún iṣẹ́ ọba. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ lọ́kàn. Ojú irin yóò wà láàárín, kí ẹrù wúwo lè kúrò lórí ọ̀dà. Ọkọ̀ mẹ́rin yóò lè sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lápá kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà yóò ní ọ̀nà tóóró tiwọn létí. Ní àwọn ìlú ńlá, ibùdókọ̀ olórùlé yóò wà, níbi tí èèyàn ti lè sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin láìsáré la títì kọjá. Ògiri kọnkéré yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí màlúù má baà ya wọ iwájú ọkọ̀. Ètò tó dára ni. Mi ò ní tìtorí pé mo fẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n kí n wá máa bú ètò gidi.

Kí wọ́n tó ṣètò ọ̀nà, wọn a kọ́kọ́ kà á. Wọn a fi àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí etí ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, wọn a máa fa igi, ìlà kékeré-kékeré, sínú rẹ̀: igi kan fún tírélà, igi kan fún bọ́ọ̀sì, igi kan fún ọ̀kadà, igi kan fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn sọdá. Ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bá ti pọ̀, wọn a gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí ẹlẹ́sẹ̀, ògiri a kọjá lọ tààrà.

Abúlé kan wà lójú ọ̀nà yìí tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè. Abúlé náà ti wà kí ọ̀nà tó dé. Nígbà tí ọ̀nà dé, àárín rẹ̀ ló gbà kọjá. Ilé wọn wà lápá kan, oko àti ọjà àti ilé ìgbẹ̀bí wà lápá kejì. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í sọdá. Wọ́n ti mọ ìró tírélà tó ṣì jìnnà yàtọ̀ sí ti èyí tó ti dé tán.

Ẹnjiníà kọ̀wé sí Baálẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun ń bọ̀ wá ka ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí Baálẹ̀ jọ̀wọ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìwé ọmọlúàbí ni. Baálẹ̀ náà sì fi ìwà ọmọlúàbí dáhùn.

Ìwọ náà mọ bí a ti rí tí àlejò bá ń bọ̀. Wọ́n gé koríko etí ọ̀nà. Wọ́n ta tapólì, wọ́n to àga sábẹ́ rẹ̀. Baálẹ̀ wá pe gbogbo ilé jọ. Ó ní, "Iṣẹ́ ni àwọn èèyàn yìí ń bọ̀ wá ṣe o. Tí àlejò bá jókòó sí pálọ̀, ṣé a máa ń gbé garawa omi gba àárín wọn kọjá? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá lójú wọn títí wọn á fi ṣe tán."

Gbogbo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní oko lódì kejì tọ́jú iṣu àti ata sílé sílẹ̀. Ọjọ́ ọjà bọ́ sí ọjọ́ kejì nínú ọjọ́ mẹ́ta náà. Ọjà Ìdí-Ìyeyè kì í yẹ̀, àfi tí ọba ìlú ńlá tó wà nítòsí wọn bá wàjà. Wọ́n sún un síwájú nítorí ìwé kan.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé. Wọ́n jókòó sábẹ́ tapólì, wọ́n ń fa igi sínú ìwé. Tírélà kún ojú ewé, bọ́ọ̀sì kún un, ọ̀kadà kún un. Ní ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n kọ òdo lọ́jọ́ kìíní, wọ́n kọ òdo lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ẹnjiníà fúnra rẹ̀ yà wá. Wọ́n fún un ní iyán, ó jẹ ẹ́, ó wo ọ̀tún wo òsì. Ó ní, "Abúlé yìí mà tòrò o." Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ òdo kẹta.

Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀. Má tíì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ya ọ̀nà náà sórí ìwé. Ògiri gba Ìdí-Ìyeyè kọjá láìdúró. Afárá tó sún mọ́ wọn jù wà níbi ibùdókọ̀ ìlú kejì, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ ni àlọ nìkan. Lórí ìwé, kò sí ẹni tí èyí máa ni lára.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnjiníà padà wá láti ri èèkàn mọ́lẹ̀ níbi tí ògiri máa gbà. Ó kọ̀wé ṣáájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà há sọ́nà, kò dé ọwọ́ Baálẹ̀. Ọjọ́ ọjà ló sì bọ́ sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnu yà á. Àwọn èèyàn dúró bí àádọ́ta sí etí ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ lórí, ewúrẹ́ lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn. Tírélà kan kọjá, wọ́n sá sọdá. Àádọ́ta mìíràn ti dúró rọ́pò wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní abúlé ni, pé wọ́n ń sá fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tí ó ka igba kọjá, ó dá kíkà dúró.

Ó lọ bá Baálẹ̀. "Bàbá, ìlú wo ni àwọn èèyàn yìí ti wá?"

"Ìlú wo kẹ̀? Àwọn ará ilé wa ni."

"Ibo ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí a wá kà?"

"A ní kí wọ́n jókòó sílé ni. Ẹ̀yin lẹ kúkú ní ẹ fẹ́ ka ọ̀nà. A fẹ́ kí ó rọ̀ yín lọ́rùn."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí fún wọn wà níbẹ̀. Obìnrin náà kò ní sùúrù Baálẹ̀. Ó fa obìnrin kan tó pọn ọmọ wá síwájú. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ yìí, sà. Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀."

Ẹnjiníà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà là ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà yín náà ni, sà. Ọjọ́ kejì tí ẹ̀ ń kà. Láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. A gbé e dé ẹ̀yìn igi ìyeyè tí ẹ̀ ń wò yẹn, a ń dúró kí àwọn ọmọọṣẹ́ yín lọ jẹun kí a lè sọdá. Wọn ò tètè lọ jẹun."

Ẹnjiníà wo igi náà. Ó wo ibi tí tapólì wà nígbà náà. Kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ó yíjú sí ìyá ọmọ, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọdá, màmá?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Wọ́n ní kí a má da iṣẹ́ yín rú, sà."

Ojú ti ọkùnrin náà. Kò ri èèkàn kankan mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, ó ṣí ìwé tí wọ́n fi ka ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Baálẹ̀ mọ́kànlélógójì ló kọ̀wé sí, ìwé kan náà ló sì kọ sí gbogbo wọn. Abúlé mẹ́tàlélógún ni òdo wà nínú tiwọn. Ó ti rí àwọn òdo náà tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ti dùn sí wọn pàápàá, nítorí afárá máa ń dá iṣẹ́ dúró.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé láti fọwọ́ sí ètò. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn á fọwọ́ sí i, á fẹ̀yìn tì, wọn á ki í kú iṣẹ́. Ògiri náà kò ní í dìde títí á fi wà nílé tí ó ń sinmi. Ó gbé e yẹ̀ wò, èèyàn ni.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó dìde, ó ní, "Ìwé mi kò pé. N ò ka àwọn tó ni ọ̀nà." Wọ́n bínú sí i gan-an. Ẹnì kan bi í pé ṣé nítorí abúlé ni ìpínlẹ̀ mẹ́ta máa fi dúró. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tún ọ̀nà náà kà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kò sì sí tapólì. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ọjà kan dé ìkejì. Iṣẹ́ náà gbà ju ọdún kan lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì kí ó tó parí, orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ètò náà. Mo rò pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé tí Ìdí-Ìyeyè wà, afárá kan wà níbẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ya ojú rẹ̀, kí wọ́n lè ti aboyún gun orí rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ó parí. Ó wá kàn ọ́.

Lánàá o gbé ìwé ètò ogún ọdún wá hàn mí. O fẹ́ kó ilé rẹ kúrò ní Ìbàdàn lọ sí ìlú bàbá rẹ. O ti kọ ọdún tí ilẹ̀ á di ilé, ọdún tí àwọn ọmọ á wọ yunifásítì, àti oṣù tí ìyàwó rẹ á ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa. Mo ka gbogbo rẹ̀. O ronú sí i dáadáa. Mo bi ọ́ pé kí ni ìyàwó rẹ sọ. O ní kò sọ nǹkan kan. O ní o bi í léèrè lójú bàbá rẹ àti gbogbo àwọn àbúrò rẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní ohun tí ẹ bá ti fẹnu kò sí náà ni. O wá kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò sí àtakò.

Èmi ni mo so yín pọ̀, mo sì mọ ọmọbìnrin náà. Kò ní sọdá lójú àlejò. Ìwọ lo ta tapólì, ìwọ lo to àga, ìwọ lo kọ òdo.

Máa lọ sílé nísinsìnyí. Dúró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí oníbàárà á fi wọlé, títí òmíràn á fi wọlé, kí o rí ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́. Fi ìwé rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Má sì pè é pé o ń bọ̀.