Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ewé Àkíka

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò tíì jí. Ẹ jẹ́ n tún un pè. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi bẹ́ láti orí igi, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ léjìká. Kò sinmi níbẹ̀. Ó tún fò, ó di inú ilé ìkàwé àwọn ẹranko.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹranko mọ̀wé kà? Nínú àlọ́ tèmi, wọ́n mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Àwọn kan ń wá ìdí òjò, àwọn kan ń wá ìdí àìsàn. Àkíka ní tirẹ̀ ń wá ìdí Òjòlá.

Ẹ mọ Òjòlá, ejò ńlá tí í gbé ẹran mì lódindi. Láàárín ọdún mẹ́ta, ọmọ mọ́kànlá ló ti gbé mì lójú ọ̀nà odò. Ọmọ Ọ̀yà wà nínú wọn. Ọmọ Ẹtu wà nínú wọn. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò lúgọ sí lọ́la.

Àkíka nìkan ló lè wò ó pẹ́. Bí Òjòlá bá yíjú sí i, Àkíka yóò ká ara rẹ̀ jọ bí òkúta, ìpẹ́ rẹ̀ yóò sì bò ó. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ká, tó fi ń tú, tó fi ń wò. Níkẹyìn, ó rí ìdí rẹ̀. Bí Òjòlá bá ti bọ́ awọ, tí ẹ rí awọ náà nínú igbó, ẹ má gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ìtòsí ibẹ̀ ni yóò lúgọ sí. Kò yẹ̀ rí.

Àkíka kọ ọ́ sórí ewé. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ojú ti kà á kí Òjòlá tó tún bọ́ awọ.

Ta ní í gbé ewé jáde fún aráyé? Àkàlà ni, ẹyẹ ńlá tó ń gbé orí òkè. Àkàlà ní àgbà mẹ́ta tí í bá a yẹ ewé wò bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Àkàlà yóò gbé e kọ́. Ibi méjì ló sì ń gbé ewé kọ́ sí. Ọ̀kan ni inú ọgbà rẹ̀, ọgbà onílẹ̀kùn: ẹni tó bá fẹ́ kàwé níbẹ̀ yóò gbé iṣu wá. Èkejì ni ìta, lára igi oríta: ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè dúró kí ó kà á. Ṣùgbọ́n kí ewé tó dé ìta, ẹni tó kọ ọ́ ni yóò ru iṣu wá, ẹrù ńlá.

Ẹ jẹ́ n dìde. N kò lè jókòó sọ ibi yìí. Ẹni tó ṣòpò ọdún mẹ́ta ló kọ ewé. Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò gba nǹkan kan. Ọmọ ta ló wá ń kú lójú ọ̀nà odò nítorí pé bàbá rẹ̀ kò ní iṣu? Ẹ dá mi lóhùn!

Ó dáa. Mo ti jókòó.

Ìyá Ìgbín, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Ó wọ́, ó wọ́, oṣù méjì gbáko, ó gòkè lọ bá Àkàlà.

Ó ní, “Àkàlà, jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Lọ́dọọdún, ilé ẹ̀kọ́ wa yóò kó iṣu láti oko àjùmọ̀ní wá fún ọ. Ewé tí ará ilé ẹ̀kọ́ wa bá gbé wá, tí àwọn àgbà bá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, gbé e kọ́ síta. Má gba nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.”

Àkàlà ronú. Ó ní, “Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n rí àmì ilé ẹ̀kọ́ yín lára ewé náà. Kí ẹni tó kọ ọ́ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìta lòun fẹ́. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, inú ọgbà ni yóò wà.”

Àdéhùn ti dé. Ta ni yóò kéde rẹ̀? Bí Ìgbín bá ní òun yóò lọ láti ilé dé ilé, ẹ̀ẹ̀rùn méjì yóò kọjá. Ó bá pe Ọ̀kẹ́rẹ́, tí í jíṣẹ́ fún ilé ìkàwé.

“Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ mi, kan ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tó ń kọ ewé. Sọ fún wọn pé a ti bá wọn ṣe é tán, kí wọ́n wá gba àmì ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mi.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti dé.”

Ṣé ó lọ?

Kò lọ!

Kò lọ o. Orí ẹ̀ka ló jókòó sí. Ó ní, “Bí mo bá sọ fún gbogbo wọn, kí ni yóò kù fún mi?”

Ó ṣe, ó rí Àkíka tó ń gbé ewé rẹ̀ kọjá.

“Ẹ̀gbọ́n Àkíka! Ewé yìí mà tóbi o. Níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ sí?”

“Ìta ni, àbúrò mi. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹranko rí i.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Ìta kẹ̀!” Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù nu ojú bí ẹni tó ń káàánú. “Iṣu ibẹ̀, ẹ ò lè rù ú tán láyé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Mo mọ ẹnìkan níbẹ̀.”

Mo mọ ẹnìkan níbẹ̀! Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí ẹ ò gbọ́ ọ rí? Mo rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ilé ìkàwé kò jìnnà sílé Àkíka. Àkíka kò yà síbẹ̀. Ta ní í lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí í wọ́ nílẹ̀, nígbà tó ti rí ẹni tó mọ ẹnìkan?

“Apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́ mẹ́wàá,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. “Kì í ṣe fún èmi o. Fún ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni.”

Àkíka ń ṣa èkùrọ́ láàárọ̀, ó ń ṣa á lọ́sàn-án. Èékánná rẹ̀ ya. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ló rí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní kò burú, ó gba ewé náà, ó sáré gòkè.

Nígbà tí àwọn àgbà ti yẹ ewé wò tán, Àkàlà béèrè pé, “Ẹni tó kọ ọ́ dà?”

“Ara rẹ̀ kò yá,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

“Àmì ilé ẹ̀kọ́ yín dà?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wo òkè.

“Inú ọgbà ni, nígbà náà.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ padà dé. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní èkùrọ́ yín kò pé. Ó ti wọ inú ọgbà.”

Àkíka tọ àwọn aládùúgbò lọ, ó ń fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní, “Àwọn àgbà ha ti yẹ̀ ẹ́ wò bí? Níbo ló wà kí a kà á?” Ó ní inú ọgbà ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo àká wọn tó ṣófo, wọ́n wọlé lọ. Àkíka ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ewé mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
*Gbé e síta, kójú rí i.*
Ọ̀yà kò níṣu tó lè rù.
*Gbé e síta, kójú rí i.*
Ọmọdé ń rọ́ lọ sódò.
*Gbé e síta, kójú rí i.*
Òjòlá fẹ́ bọ́ awọ o.
*Gbé e síta, kójú rí i.*

Òjòlá sì bọ́ awọ. Ẹ mọ ibi tó bọ́ ọ sí? Abẹ́ ọ̀pẹ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà odò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i láàárọ̀. Ó ń dán, ó sì ń tutù lọ́wọ́. “Ẹ wo aṣọ ọ̀fẹ́!” Ó ká a, ó gbé e gòkè, ó fi tẹ́ àká tó kó èkùrọ́ Àkíka sí. Kò ka ewé Àkíka rí. Òun náà kò níṣu tó fẹ́ fi wọ ọgbà.

Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin Ọ̀kẹ́rẹ́, sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi.

Kò padà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé ojú ọ̀nà odò. Ó rí Òjòlá níbi tó nà sí. Ikùn rẹ̀ yọ kókó.

Ó fi igbe bọnu, ó di ilé Àkíka. “Ẹ̀gbọ́n Àkíka! Ẹ̀yin lẹ mọ ìdí Òjòlá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

Àkíka ní, “Mo sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sórí ewé. Mo gbé e lé ọ lọ́wọ́.”



Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Ìgbín fi wọ́ dé, tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní, “Àkíka, ṣé ẹ ò kọ ewé mọ́ ni? Igi oríta ṣófo. Àdéhùn wa sì ti wà láti ìgbà iṣu tuntun.”

“Àdéhùn wo, Ìyá?”

Ìyá Ìgbín yí ìwo rẹ̀ méjèèjì sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó sọ àdéhùn náà fún Àkíka láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn ẹranko ti pé jọ. Ìmàdò ní kí wọ́n fa ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́ tu. Ẹtu ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Àkíka ní, “Ìjà yín lè dúró. Ọmọ mìíràn yóò lọ sódò lọ́la.” Ó gbé Ìyá Ìgbín sẹ́yìn, wọ́n sáré gun òkè.

“Àkàlà! Ará ilé ẹ̀kọ́ ni mí. Àmì wa rèé. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ń sọ ọ́: ìta ni mo fẹ́!”

“Ohun tí mo ń dúró láti gbọ́ nìyẹn,” ni Àkàlà wí. Ó tú ewé náà lára ògiri ọgbà, ó gbé e lọ sí oríta. Kí oòrùn tó wọ̀, Ọ̀yà ti kà á. Àwọn àlejò láti ìlú mìíràn, tí wọn kò mọ ilé ẹ̀kọ́ wa rí, kà á. Ìyá Ìgbín kò sì rán ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fúnra rẹ̀ kọ àdéhùn náà sára igi kan náà, gàdàgbà-gadagba.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó kó èkùrọ́ padà sẹ́nu ọ̀nà Àkíka, kò sẹ́ni tó kí i. Ó gun igi, ó dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó bojú wolẹ̀, ó rí Òjòlá tó ń fà wọ́ọ́wọ́ọ́ lọ síbi tí àbíkẹ́yìn Ọ̀yà ti ń ṣeré. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Igbe ló bú jáde: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́! Kò dákẹ́ títí ọmọ náà fi sá wọlé.

Láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá rí ejò, kò lè pa á mọ́ra. Yóò máa ké, yóò máa ké, ìrù rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Bí ẹ bá wà lóko tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ dúró. Kò ní bi yín bóyá ẹ ní èkùrọ́.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú gbogbo yín. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí ọbẹ̀ alẹ́ yìí má dùn lẹ́nu mi.