Efinrin Ẹ̀yìnkùlé Baálẹ̀
Baálẹ̀ Abà Ládùntán kì í gbẹ̀bẹ̀, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó ká Àyọ̀ká opó mọ́ ìdí efinrin ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ó ń já ewé tí yóò sè fún ọmọ rẹ̀ tí inú ń run, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ka tí o já, dá a padà sójú ibi tí o ti já a, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó ẹrù rẹ kúrò lábà yìí." Àyọ̀ká kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá máa mú lára igi ń fẹ́ àkókò. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí oṣù tuntun yóò fi lé." Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbà lójú àwọn àgbà. Láràárọ̀ ni Àyọ̀ká ń bomi rin ín, tí ó ń da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ìdí rẹ̀. Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí oṣù lé, gbogbo wọ́n pé jọ síbẹ̀: níbi tí ó ti já ẹ̀ka kan, méjì ti yọ, tí wọ́n ń ta sánsán. "Bàbá, ọ̀kan tí mo já ti padà sáyè rẹ̀," Àyọ̀ká wí. "Èkejì tó bá a wá, ta ló ni ín?" Àwọn àgbà wo Baálẹ̀, Baálẹ̀ wo efinrin. "Ẹ bá a wá apẹ̀rẹ̀," ló wí. Baálẹ̀ kì í gbẹ̀bẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló bẹ̀ ẹ́?