Ogun Tó Wọ Ìdí-Ìyeyè

Àwọn ará Ìdí-Ìyeyè kì í fi ọ̀rọ̀ fóònù ṣeré, pàápàá lẹ́yìn tí Làmídì bíríkìlà ra tirẹ̀. Fóònù ọ̀hún a máa fúnra rẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá síta, ohùn rẹ̀ á sì dá ṣáká. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, tọmọdé tàgbà á dákẹ́ gbọ́ ọ, wọn á ní ẹ̀rọ kì í purọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ lásìkò yìí, ọkàn rẹ̀ kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Ikọ́ ti dá Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, àwọn ọmọ mìíràn lábúlé náà, títí kan ọmọ Làmídì, sì ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì odò, ti lọ wá oògùn wọn ní ìlú ńlá.

Làmídì ń po sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé. Nọ́ọ̀sì kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe: "Ogun ti de o. E tete ko awon omo jade." Fóònù kà á bó ṣe yé òun: "Ogun ti dé o! Ẹ tètè kó àwọn ọmọ jáde!"

Ariwo ta. Ìyàwó Làmídì gbé ọmọ pọ̀n, ó di inú igbó. Ẹnì kan ní òun ti gbọ́ ìró ìbọn. Ìró ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ tó gbá ni. Ìyá Àwẹ̀ró náà ti pọn Mọ́rẹ́nikẹ́, síbẹ̀ ó yà lọ́dọ̀ Làmídì.

"Làmídì, ta ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

"Ogun dé, nọ́ọ̀sì ló wá ń kéde rẹ̀? Ogun ibo?"

"Ìyá, ẹ̀rọ yìí kì í purọ́!"

"Mi ò kúkú ní ó purọ́. Ṣé ó bi nọ́ọ̀sì ni? Pè é."

Làmídì pè é.

"Oògùn!" ni nọ́ọ̀sì ké. "Ogun tí mo kọ yẹn, oògùn ni! Mo ti wà ní ilé ìwòsàn, yìnyín inú kúlà tí mo kó o sí ti ń yọ́. Tó bá fi di ọ̀sán, ó ti bàjẹ́ nìyẹn o!"

Ìyá Àwẹ̀ró kò dúró gbọ́ ìyókù. Kí oòrùn tó mú, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti gba oògùn. Ní ti Làmídì, inú igbó ló sáré wọ̀, ó ń pe ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn gbọ́ igbe ọkùnrin, ó ṣebí ọ̀tá ló ń bọ̀, ó túbọ̀ ń wọnú lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, omi lásán ló kù nínú kúlà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti ikọ́ ọmọ wọn kí oògùn mìíràn tó dé. Àánú wọn ṣe gbogbo abúlé.

Látọjọ́ náà, bí fóònù bá ti sọ̀rọ̀, Làmídì á kọ́kọ́ pe ẹni tó kọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Ìyeyè fi ń pa á lówe pé: "Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ẹnu ẹni tó kọ ọ́ la ti ń gbọ́ ọ."