Ìrẹ̀, Télọ̀ àti Iná Tí Kì í Sọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì lẹ́nu, kò sí iná kankan nínú ọkọ̀, níwájú awakọ̀. Ìrẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló ní ìrẹ̀ tirẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn sítíárì, tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún ẹni tó ń wà á. Bí epo bá fẹ́ tán, Ìrẹ̀ á sọ. Bí táyà bá rọ̀, Ìrẹ̀ á sọ. Bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé, Ìrẹ̀ á sọ ọ́ títí àwọn ará àdúgbò á fi jáde wá bá wọn pa á.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Àgbọn tó ń jẹ́ Gbádébọ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Ọkọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Kò tuntun, kò sì tíì gbó débi tí ènìyàn á fi máa bá a kẹ́dùn. Ìrẹ̀ inú ọkọ̀ náà ló lóhùn jù ní gbogbo ìlú, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àléébù kan ṣoṣo ni Ìrẹ̀ yìí ní: kò mọ ọ̀rọ̀ kékeré yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ńlá. Lọ́jọ́ tí omi tán nínú rédíétọ̀, ó pariwo, ẹ́ńjìnnì kò sì jó. Gbádébọ̀ dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ariwo kan náà ló pa lọ́jọ́ tí ẹyẹ ṣu sára gíláàsì.

"Ìrẹ̀, mo ti rí i," Gbádébọ̀ á wí.

"Ẹ ti rí i, ẹ ò tíì nù ún!"

"Màá nù ún."

"Ìgbà wo?"

Ìrẹ̀ kì í purọ́. Ohun tó gbójú lé láyé nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kó dákẹ́, á ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," á sì gbo ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Nínú iná ńlá iwájú ọkọ̀ náà ni Tanátaná ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn kò lóhùn rárá. Wọ́n kàn ń tàn ni. Ìrẹ̀ kò ka irú wọn sí.

Ó ṣe, Gbádébọ̀ fẹ́ fi Fadérera ṣaya. Fadérera ti gbà, ó ku àwọn òbí rẹ̀. Nílé tiwọn, wọn kì í dá ọjọ́ ìgbéyàwó títí bàbá àti ìyá yóò fi fi ojú ara wọn rí ilé tí ọmọ wọn ń lọ. Gbádébọ̀ ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, òun fúnra òun ni yóò wá fi ọkọ̀ gbé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fọ ọkọ̀ tinú tẹ̀yìn. Ó tẹ́ táwẹ́lì funfun sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ síwájú Ìrẹ̀.

"Ìrẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé àìsàn ọkọ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n kékeré ni gbogbo wọn. Lónìí nìkan, gbé wọn mì."

"Tí wọ́n bá ń yún mi lọ́fun ńkọ́?"

"Kí o wo ojú mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí àlejò bá fún mi lẹ́ran, ojú ìyá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Tó bá ṣẹ́jú báyìí, mo lè gbà á. Tó bá ranjú báyìí, mo ti yó nìyẹn. Kò ní la ẹnu rárá, àlejò ò sì ní mọ nǹkan kan. Ìwọ náà, tí mo bá ti ranjú mọ́ ọ, dákẹ́."

Ìrẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú náà ló rí, kò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Mo ti gbọ́, Ọ̀gá. Mo ṣèlérí. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

Bàbá Fadérera jókòó síwájú. Ìyá Fadérera jókòó sẹ́yìn, lórí táwẹ́lì funfun. Ìró àti bùbá àǹkárá tí wọ́n ya ìgbín sí lára ló wọ̀. Gbádébọ̀ ló rán an fún un. Gèlè orí rẹ̀ kò bá a mu, nítorí télọ̀ ti sọ fún un pé aṣọ náà kò tó gèlè.

Wọ́n gbéra. Omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì ti tán. Ìrẹ̀ gbé e mì. Gílóòbù ẹ̀yìn kan ti jó. Ó gbé ìyẹn náà mì. Afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ọkọ̀ yìí mà dákẹ́ o," ni Ìyá Fadérera wí. "Ti àbúrò mi, láti ilé títí dé ọjà ló ń ka ẹ̀sùn."

"Ọkọ̀ tí a bá ń tọ́jú kì í ní ẹ̀sùn, mà."

Ibi tó yẹ kí Gbádébọ̀ dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti wú, ẹnu rẹ̀ kò sì ní búrẹ́ẹ̀kì.

"Ẹ wò ó, sà, láti ọjọ́ tí mo ti rà á, kò mọ ojú mẹkáníìkì. Ìrẹ̀ inú ẹ̀ gan-an, mo rò pé ó ti yadi."

Bàbá Fadérera bú sẹ́rìn-ín. "Ìrẹ̀ tó yadi! Èyí dára!"

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Yadi kẹ̀? Òun, Ìrẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò? Gbádébọ̀ rí i pé ó ti ń mí gúlegúle, ó sáré ranjú mọ́ ọn. Ìrẹ̀ náà ranjú padà. Ó la ẹnu.

"Omi gíláàsì ti tán! Gílóòbù ẹ̀yìn ti jó! Táyà ń fẹ́ afẹ́fẹ́! Kò sí sìpíà nínú bùútù, a ti yá a fún oníbúrẹ́dì! Mẹkáníìkì mẹ́ta ló mọ̀ wá lórúkọ! Ìjókòó ẹ̀yìn ti ya lábẹ́ màmá, àǹkárá onígbìn-ín la fi lẹ̀ ẹ́!"

Ó mí kanlẹ̀. Ara tù ú. Ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Ìyá Fadérera rọra ká táwẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ìjókòó. Ó mú etí ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n lẹ̀. Ìgbín kọjú sí ìgbín.

"Ọ̀gbẹ́ni télọ̀," ohùn rẹ̀ kò ga rárá, "gèlè mi rèé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"O ní kò tó. Mo lọ yá gèlè lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Òun ló wà lórí mi yìí."

Bàbá Fadérera, tó ti ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ibi tí yóò gbé ẹ̀rín tó kù sí. Ó wo ìta fèrèsé. "Dúró ká sọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ilé ò jìnnà mọ́."

"Ká sọ̀," ni Ìyá Fadérera wí. "Ẹsẹ̀ wa kì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni."

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Fadérera rọra pa ilẹ̀kùn. Ó dé. Ìrẹ̀ kò rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀.

Gbádébọ̀ kò wa ọkọ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì, ó ń wo ẹ̀yìn àwọn tó ń lọ. Ìrẹ̀ bá yíjú sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí nǹkan nínú ojú ènìyàn. Ó rí i kedere, bí ẹni tó ń ka ìwé. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ojú náà pọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dùn níbẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ nà mí."

Gbádébọ̀ kò nà án.

"Ẹ bú mi nígbà náà."

"Kí ni kí n fi bú ẹ? Ṣé irọ́ lo pa ni?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Èmi ni mo gé aṣọ oníaṣọ pamọ́. Ìwọ kàn sọ ọ́ ni." Gbádébọ̀ nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, Ìrẹ̀. O sì ṣèlérí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìrẹ̀ lára ju pàṣán lọ. Ó ronú sẹ́yìn, ó ronú síwájú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìlérí yẹn nìkan ni irọ́ tó tíì pa.

Ojú tì í. Ìtìjú náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó gun ìyẹ́, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀. Kò lè wo ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Ó gba ihò kékeré kan nílẹ̀ ọkọ̀ jáde, ihò tí òun fúnra rẹ̀ ti ń pariwo lé lórí láti ọdún tó kọjá.

Ó yí sí iwájú ọkọ̀, ó kan iná ńlá.

"Tanátaná, lọ jókòó sáyè mi."

Tanátaná tàn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń bèèrè nǹkan.

"Mo mọ̀ pé o ò lóhùn. Ìdí tí mo fi ní kí o lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, la ojú tó dà bí ọsàn tó pọ́n. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, la ojú tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Iwájú ọ̀gá nìkan ni kí o jókòó sí. Kó àwọn ọmọ rẹ dání o, ìwọ nìkan ò lè dá ọkọ̀ yẹn ṣọ́."

Tanátaná tàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìrẹ̀ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbẹ́ ihò sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó wọlé, kò yọjú.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan lókèèrè. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un, ó mọ ikọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ aláwọ̀ ìbẹ́pẹ náà sún mọ́ igi, ó dúró. Ìrẹ̀ fi ojú kan yọ lẹ́nu ihò.

Gbádébọ̀ ló wà nídìí ọkọ̀. Bàbá Fadérera jókòó síwájú. Ìyá Fadérera wà lẹ́yìn, gèlè onígbìn-ín sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Ìrẹ̀ ṣì rí ojú abẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti tú u kúrò lára ìjókòó. Eruku wà lórúnkún ṣòkòtò Gbádébọ̀ àti ní àyà bùbá rẹ̀. Ó hàn pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Kí ló dé tí a dúró?" ni Bàbá Fadérera bèèrè.

"Ẹ má bínú, sà. Iná kékeré kan lajú sí mi. Omi rédíétọ̀ ti lọ sílẹ̀." Gbádébọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ó gbé nǹkan mì. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, sà. Gílóòbù ẹ̀yìn tó jó, mi ò tíì pààrọ̀ ẹ̀. Sìpíà ṣì wà lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ìjókòó tí màmá wà lórí ẹ̀ ti tún ya."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Fadérera wí. "Ó ń gún mi."

Ó na ọrùn síwájú, ó wo ẹ̀yìn sítíárì. "Tanátaná kọ́ nìyí? Kò sì pariwo?"

"Ojú ló fi ń sọ̀rọ̀, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí mojú. Irú wọn ló yẹ kó máa bá àlejò jókòó." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Bàbá Fadérera, ohun tí ìrẹ̀ rẹ̀ bá a sọ lọ́jọ́sí, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé náà, ká wá lọ dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà, ibòmíràn ni màá ti rán an."

Inú Ìrẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gbo ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nínú ihò.

Gbádébọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. "Ìrẹ̀?"

Ó ń bọ̀. Ìrẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń sún mọ́ tòsí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní tún ń dìde. Orin náà dá sí ìdajì.

"Ìrẹ̀, jáde wá. Ó ti tán."

Ó wù ú kó jáde. Ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó wá rántí ìlérí yẹn, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà padà.

Gbádébọ̀ dúró títí, títí Bàbá Fadérera fi fọn fèrè ọkọ̀. Ó ní, "Ó dìgbà kan ná," ó padà sídìí ọkọ̀. Bí wọ́n ti fẹ́ yà sí ọ̀nà ọ̀tún, Ìrẹ̀ gbọ́ ohùn kékeré kan láti inú ọkọ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Díẹ̀ nínú ohùn òun fúnra rẹ̀ ni, èyí tó gbàgbé sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kánjú jáde.

Láti ọjọ́ náà ni iná ti gba ipò ìrẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀; kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń lajú sí awakọ̀. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, gbogbo ìdílé Tanátaná á lajú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kí ọ, wọ́n á sì pa ojú dé. Èyí tó bá kọ̀ tí kò pa ojú dé nínú wọn, ó ní ohun tó fẹ́ bá ìwọ nìkan sọ. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n ń lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn lójú. Ìtàn tiwọn kọ́ nìyí. Ìtìjú tiwọn ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ohùn kékeré yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀ títí dòní. Ibi tí ọkọ̀ ń yà sí nìkan ló ń sọ, nítorí ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ìrẹ̀ ní tirẹ̀ wà nínú ihò. Bó bá ku òun nìkan, á máa ké, á máa ka gbogbo ẹ̀sùn ayé. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù kọ́. Ojú ló ń tì í.